Ògiri Ilé Derus

Nígbà tí ayàwòrán kan wá láti ìlú ńlá wá kun ògiri ilé àwọn apẹja ní Kampung Telaga, abúlé kan létí òkun, Derus ló jókòó fún un. Ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe níwájú ilé, ayàwòrán náà sì gbé e sára ògiri bó ṣe rí gẹ́lẹ́, tòun ti orí pípá àti ẹ̀rín ẹ̀bá ẹnu. Senah, ìyàwó rẹ̀, ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Bàbá Zaiton, ẹ ti di ọba. Ta ni yóò wá máa bá mi la igi?"

Ọdún náà ò tíì parí tí ìjì fi gbé ọkọ̀ ojú omi Derus lọ. Wọn ò rí òkú rẹ̀ sin. Omíyalé tó tẹ̀ lé ìjì náà kó gbogbo fọ́tò inú àpótí lọ, fóònù Zaiton, ọmọ wọn kan ṣoṣo, sì bá a lọ. Ògiri yẹn nìkan ló kù. Láràárọ̀, kí Senah tó gbé epo kaná láti dín ẹja lílọ̀ tó ń tà, á kọ́kọ́ kí ọkọ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹnìkan gbé ògiri náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni àlejò bá ń rọ́ wá. Wọ́n á fọwọ́ kọ́ Derus lọ́rùn, wọ́n á yọ ahọ́n síta, wọ́n á ya fọ́tò. Senah gba ilé Tok Leman, baálẹ̀ wọn, lọ.

"Baálẹ̀, ọkọ mi kì í ṣe ọ̀bọ tí wọ́n ń wò rẹ́rìn-ín."

"Ẹ ṣe sùúrù, ìyá Zaiton. Àwọn náà ló ń ra ẹja yín."

"Kí wọ́n rà á, kí wọ́n máa lọ."

Nígbà tó yá, Zaiton, tó ti lọ sílé ọkọ, bímọ, Senah sì lọ wẹ ọmọ. Nígbà tó padà dé, ó dúró síwájú ilé ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣìnà. Ìyẹ́ labalábá ńlá ló wà lára ògiri, wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín rẹ̀ kí àlejò lè dúró síbẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ìyá," ni baálẹ̀ wí, tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ọkọ mi ńkọ́?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Iyọ̀ òkun sì ti ń jẹ ẹ́ lójú. A rò pé ara á tù yín ni."

 Senah ló sọ ọ́ lóòótọ́. Ó jókòó sójú àtẹ̀gùn. Baálẹ̀ ṣí fìlà.

"Ẹ má bínú, ìyá."

"Mi ò bínú. Ẹ jẹ́ n jókòó."

Nígbà tí Zaiton gbé ọmọ wá kí i, ó bá a wá àwòrán náà lórí fóònù rẹ̀ tuntun. Ó pọ̀ bí iyanrìn, ṣùgbọ́n àlejò ló bo Derus nínú gbogbo rẹ̀. Fìlà ẹnìkan bo ojú rẹ̀, irun ẹlòmíràn bo ẹnu.

"Màmá, kò sí èyí tí wọn ò dúró sí níwájú."

"Máa wò ó lọ."

Èyí tó dára jù ni ti ọkùnrin sísanra kan. Ojú kan àti etí kan Derus yọ lẹ́yìn èjìká rẹ̀.

"Ta nìyí?"

"A ò mọ̀ ọ́n, Màmá."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n gbé e kọ́ sínú ilé. Nígbà tí ọmọ Zaiton bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọkùnrin sísanra yẹn ló ń nàka sí, tó ń pè ní bàbá àgbà. Senah kọ́kọ́ ń mú ìka rẹ̀, á sún un sí ibi etí yẹn. Nígbà tó pẹ́, ó rẹ̀ ẹ́, ó fi í sílẹ̀.