Ẹni Tí Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ń Bá Sọ̀rọ̀

Ọkùnrin kan wà tó fi ẹnu wá jíjẹ mímu fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún, tó sì jẹ́ pé nínú ilé ara ẹ̀, ẹnu ọ̀hún kò wúlò ju kó fi mu tíì lọ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ni. Láràárọ̀ ló ń jí gbogbo ìlú, á gbé orin kan sílẹ̀, á gbé òmíràn, á ní òjò fẹ́ rọ̀, á ní títì ti dí, á wá fi ara ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí awakọ̀ á fi gbàgbé pé ọkọ̀ iwájú òun kò sún. Olóhùn Oyin ni wọ́n ń pè é. Ẹ wá wò ó nílé. Oyin ti tán, ó ku afárá.

Aránṣọ ni ìyàwó ẹ̀. Rédíò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì ẹ̀ ní yàrá iwájú, bí ọkọ ẹ̀ bá sì ti ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, òun náà á máa dá a lóhùn. Lójúkojú, "ẹ̀yin" ló ń pe ọkọ ẹ̀. Àmọ́ rédíò kì í ṣe àgbà ẹnikẹ́ni, "ìwọ" lásán ni. Bí rédíò bá ní òjò ń bọ̀, á ní, "Ìwọ tó o mọ̀ pé òjò ń bọ̀, agboòrùn tí mo rà fún ẹ dà?" Bí àwàdà kò bá dùn, á pòṣé.

Nígbà tí obìnrin yìí sin ìyá ẹ̀, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó gbọ́ ọkọ ẹ̀ tó ń fi orin kan ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí aṣọ, ó sunkún, ó ní, "O ṣé." Ọkọ wọlé lọ́sàn-án, ó kí i kú ilé, ó jẹun, ó jókòó. Kò dárúkọ ìyá rárá. Ó dun aránṣọ wọra.

Nígbà tí iléeṣẹ́ wá ní kí ọkùnrin náà lọ sinmi, àwọn oníbàárà ń kí ìyàwó ẹ̀ kú oríire. "Ìyá wa, ẹ ó máa rí ọkọ yín wò báyìí." Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù ń bà á gan-an. Rédíò ló ń bá a sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí. Bí rédíò bá dákẹ́, ta ló kù?

Ohun tó ń bẹ̀rù náà ló dé. Láàárọ̀ àkọ́kọ́, ọkọ jí, ó wọṣọ iṣẹ́, ó jókòó sórí àga. Aránṣọ tan rédíò. Ọmọdébìnrin kan ló ń fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ó pa rédíò náà. Ó rán apá aṣọ kan, ó tú u, ó tún un rán, ẹnikẹ́ni kò fọhùn.

Nígbà tó sú u, ó ní, "Bàbá wọn, ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ ń bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀, ẹ kì í bá mi sọ̀rọ̀. Kí ni mo ṣe fún yín?"

Ọkùnrin náà gbé tíì sílẹ̀. "Ìlú wo? Mi ò bá ìlú kankan sọ̀rọ̀ rí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n má bá èrò sọ̀rọ̀, kí n mú ẹnì kan ṣoṣo, kí n máa bá onítọ̀hún sọ ọ́. Ìwọ ni mo mú. Òjò tí mo ń kéde, torí aṣọ tó o sá síta ni. Ọ̀rọ̀ ìyá ẹ, mi ò lè wojú ẹ sọ ọ́, ni mo ṣe sọ ọ́ níbẹ̀. Kí n tó délé, mo ti sọ gbogbo ẹ̀ tán. Èsì ẹ ni mo máa ń jókòó dè. Ìwọ ni o kì í dá mi lóhùn."

Maṣíìnì dúró. Omi ti lé sójú aránṣọ.

"Mo ń dáhùn," ó ní. "Kò sí èyí tí mi ò dáhùn."

"Kí lo wá ń sọ?"

Obìnrin náà fa àga ẹ̀ sún mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀, kò mọ ibi tí òun á ti mú un. Ó wá bẹ̀rẹ̀ látorí òjò.

"Agboòrùn tí mo rà fún ẹ dà?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Ó ti sọ nù lọ́jọ́ kejì tó o rà á."

"O ò sì sọ ọ́ lórí rédíò?"

"Ẹ̀rù bà mí," ó ní. "Mo mọ̀ pé ò ń gbọ́."