Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Ilẹ̀kùn Lín

Àwòrán bébà pupa kan yọ lójú fóònù Amudat. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn Lín, ọmọ Ṣáínà tí ó ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ní ọgbà àwọn òṣìṣẹ́ ní Makera. Ọ̀rọ̀ kan péré ló wà lórí rẹ̀, gàdàgbà: *quarantine*. Kò pẹ́ tí Lín fi pè. Ó ní kí Amudat má purọ́ fún òun, ṣé orúkọ àwọn tí kò ní yè ni?

Ọdún tí kòrónà dé ni. Ní Sátidé tó kọjá, òun àti Lín jọ tẹrí ba sórí ìwé kan náà fún wákàtí méjì. Láàárọ̀ yìí, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Kò tíì sọ fún ìyá àgbà rẹ̀, Hàwáwù, tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá kan ní Ungwan Dosa, tí ikọ́ fée sì ti ń bá jà tipẹ́. Ohun tó bá ojú ti bá imú.

Lábẹ́ igi máńgòrò inú àgbàlá, ó ṣí ìwé atúmọ̀-èdè tí bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ nílé. Ó ṣàlàyé fún Lín lórí fóònù pé inú ogójì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, lédè àwọn ará Fẹ̀nísì, ìlú orí omi kan nílẹ̀ Ítálì. Láyé àjàkálẹ̀ àrùn, ọkọ̀ tó bá dé yóò dúró lójú omi fún ogójì ọjọ́. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra èrò inú rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá dá, á wọ̀lú.

Lín mí kanlẹ̀. Ó ní lọ́dọ̀ tàwọn, obìnrin tó bímọ kì í jáde fún oṣù kan, pé ìyá ọkọ òun ṣọ́ ilẹ̀kùn bí ọlọ́pàá. Amudat ní tàwọn jẹ́ ogójì ọjọ́ gan-an.

"Tíṣà, ìwọ ńkọ́?" Lín bi í. "Ta lẹ jọ ń sùn?"

Amudat pa ìwé dé, ó dìde.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, kò wọlé. Ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í dúró síta bá àgbà sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà gbójú sókè.

"Kí lo dúró síbẹ̀ ṣe bí ìyàwó tuntun? Wọlé, jàre."

Ó kúnlẹ̀ síta, lórí símẹ́ǹtì gbígbóná. "Màmá, ọ̀fun ń yún mi. Mo sì dé ọ̀dọ̀ Lín ní Sátidé, wọ́n sì ti sé e mọ́lé báyìí."

"Sannu, pẹ̀lẹ́," ìyá àgbà ní, jẹ́jẹ́. Ó dìde, ó ká ẹní Amudat, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó sì padà lọ fara ti ògiri lọ́hùn-ún.

Láti àárọ̀, Amudat rò pé ìbínú ìyá àgbà lòun ń bẹ̀rù. Àṣé ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kó má lọ tẹ̀ síwájú, kó fa òun mọ́ra.

Ìyá àgbà kò tẹ̀ síwájú.