Òkú Kì Í Ṣe Ogún

Kólòbó mẹ́rin ni àwọn ọmọ olóògbé tò sórí tábìlì ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣètò ìsìnkú ní Peckham. Ni wọ́n bá tún fa ìkarùn-ún yọ nínú báàgì, wọ́n ní ti Hameedah nìyẹn. Ẹ̀bùn ni o. Tí wọ́n bá sun bàbá wọn tán lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á bu díẹ̀ nínú eérú rẹ̀ fún un, bí ẹni ń bu iyọ̀ fún ará ilé. Wọ́n tilẹ̀ ti so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn. Hameedah wo kólòbó, ó wo ojú àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì rí i pé wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé oore ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Èyí gan-an ló bí i nínú jù.

Ẹ má tíì sọ pé kí ló kàn án. Ẹ jẹ́ ká ti ibi tọ́rọ̀ ti ṣẹ̀ wá bọ̀.

Hameedah, ọmọ Ìwó, ìyá Yusrah, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe ní London. Ọdún méjì ààbọ̀ ló fi ń gun àtẹ̀gùn lọ bá Bàbá Jonathan nínú fúláàtì kánsù kan lẹ́yìn Rye Lane. Ọmọ Scotland ni bàbá náà, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún dáadáa, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí abẹ. Ó ní kí Hameedah máa pe òun ní Jonathan lásán. Hameedah ní kò sóhun tó jọ ọ́, ẹni tó ju bàbá òun lọ? Bàbá ló ń pè é, ó sì mọ́ wọn lára bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ńkọ́? Àkọ́bí wà ní Leeds, ìkejì ní Glasgow, ìkẹta ní Canada, àbíkẹ́yìn tó jẹ́ obìnrin ní Bristol. Fóònù ni wọ́n fi ń tọ́jú bàbá. Hameedah kò bá wọn wí sí ìyẹn, òun náà fi ìyá sílẹ̀ nílé.

Ìtàn kan ṣoṣo ni bàbá ní, ìtàn Montrose. Ìjòyè ńlá ni Montrose nílẹ̀ Scotland, balógun sì ni pẹ̀lú, ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn ó dín díẹ̀, nígbà tí ọba àtàwọn ọmọ ìlú rẹ̀ ń bá ara wọn jagun. Níbẹ̀rẹ̀, ó bá àwọn tó ń ta ko ọba mulẹ̀, ó tọwọ́ bọ̀wé májẹ̀mú wọn. Nígbà tó rí i pé wọ́n fẹ́ gba ìjọba mọ́ ọba lọ́wọ́ pátápátá, ó padà sẹ́yìn ọba. Àwọn ọmọ ogun orí òkè tí wọn ò tó nǹkan ló kó lẹ́yìn, ó sì ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ọdún kan. Nígbà tí ọwọ́ wá tẹ̀ ẹ́, wọ́n yẹgi fún un ní Edinburgh. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó jókòó, ó ń fi òòyà ya irun rẹ̀. Ọ̀tá rẹ̀ kan bẹnu àtẹ́ lù ú pé ẹni tó ń lọ kú ń ṣe fáàrí. Ó ní orí òun ṣì jẹ́ tòun. Tó bá di alẹ́, tó bá ti di tiwọn, kí wọ́n ṣe é bó bá ṣe wù wọ́n. Bàbá Jonathan kì í dé ibẹ̀ yẹn kó má rẹ́rìn-ín, pàápàá tí òòyà Hameedah bá ń bẹ nínú irun tirẹ̀.

Ibi tó tẹ̀ lé e ni kì í rẹ́rìn-ín sí. Wọ́n bẹ́ orí òkú balógun, wọ́n gbé e kọ́ sórí irin ṣóńṣó lókè ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, òjò ń pa á, oòrùn ń pa á. Wọ́n gé ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n pín wọn fún ìlú mẹ́rin. Èyí tó kù nínú ara, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ń sin ọ̀daràn sí. Ọjọ́ tí Hameedah kọ́kọ́ gbọ́ ọ, òòyà dúró lọ́wọ́ rẹ̀, ó pòṣé ràn-ìn. Ó ní wọ́n ti pa á, kò tíì tó? Kí ni wọ́n tún ń wá lára òkú? Ó béèrè bóyá kò ní ẹbí ni. Bàbá ní ó ní, pé nígbà tí ọmọ ọba padà dé orí oyè, wọ́n ṣa gbogbo rẹ̀ jọ, wọ́n sì fi ẹ̀yẹ sin ín. Ìgbà yẹn ni ọkàn Hameedah tó balẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, bàbá ti ọsibítù dé, ó di Hameedah lọ́wọ́ mú. "Hameedah, má jẹ́ kí wọ́n pín mi. Ilẹ̀ ni kí wọ́n sin mí sí, ní odidi." Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò jìnnà. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, wọ́n sun ún, àwọn ọmọ sì pín eérú rẹ̀ sí mẹ́rin. Bàbá gbà fún wọn nígbà náà, ìbànújẹ́ kò jẹ́ kó lè la ẹnu. Ọ̀kan da tirẹ̀ sínú òkun. Àwọn méjì gbé tiwọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ti àkọ́bí sọnù nínú páálí lọ́jọ́ tó ń kó kúrò nílé kan bọ́ sí òmíràn. Ìyá ẹni o, nínú páálí. Hameedah mọ̀ pé òyìnbó ń sun òkú, Mùsùlùmí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, oníkálukú ló ní ìṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìyá sọnù bí ìbọ̀sẹ̀, ìṣe ibo nìyẹn?

Bàbá ní kó kọ ọ̀rọ̀ òun sínú ìwé. Ìwé kan wà lórí fíríìjì tí wọ́n ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójúmọ́ sí, oúnjẹ, oògùn, títí dé ìgbọ̀nsẹ̀. Adétáyọ̀, ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, máa ń sọ pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, kò ṣẹlẹ̀. Hameedah mú bírò. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ta ló ń jókòó ti ẹni tó ń mu tíì lọ́wọ́, kó máa kọ ìsìnkú rẹ̀ sílẹ̀? Nílé, ẹni tó bá dán irú ẹ̀ wò, wọ́n á ní ó ń pe ikú wá fún un ni. Ló bá kọ ọ́ pé bàbá jẹ búrẹ́dì, ó mu tíì, àwọn sọ̀tàn. Nígbà tí bàbá bi í bóyá ó ti kọ ọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àgbà bá fi síni lọ́wọ́ kò nílò bírò, etí tó gbọ́ ọ ti tó. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, bàbá kú.

Ohun tó gbé gbogbo wọn dé ọ́fíìsì yìí nìyẹn. Hameedah rọra ti kólòbó tiẹ̀ padà, ó dúpẹ́, ó ní ṣùgbọ́n bàbá sọ pé kí wọ́n má pín òun. Àkọ́bí bi í pé níbo ló wà ní kíkọ sílẹ̀. Adétáyọ̀ ló gbé ìwé náà wá láti fà á lé ẹbí lọ́wọ́. Wọ́n ní kó ṣí i, wọ́n wá ọjọ́ náà kàn. Búrẹ́dì, tíì, ìtàn. Àkọ́bí kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní bàbá òun fẹ́ràn ìtàn lóòótọ́, pé àwọn mọ̀ pé Hameedah fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹbí lèyí.

Ọ̀rọ̀ ẹbí. Ta ló ń nu ìdí fún bàbá ẹbí láti ọdún méjì ààbọ̀? Ta ló mọ̀ pé kì í jẹ kárọ́ọ̀tì, pé etí òsì nìkan ló fi ń gbọ́ràn? Gbogbo rẹ̀ dé ẹnu Hameedah, ó gbé e mì.

Adétáyọ̀ fà á lápá, ó sì fi Yorùbá sọ ọ́ kí àwọn yòókù má baà gbọ́. "Aunty Hameedah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè sọ pé ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ ò pé, mo máa gba káàdì iṣẹ́ lọ́wọ́ yín níbí yìí ni. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é."

Kì í ṣe pé ó ń halẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá ṣe màdàrú sínú ìwé yẹn, agbára káká ni ilé-iṣẹ́ mìíràn fi máa tún gbé arúgbó lé e lọ́wọ́. Yusrah ṣì wà ní yunifásítì. Kàbírù, ọkọ Hameedah, ẹ̀yìn ń dùn ún, kì í lè ṣiṣẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀ mọ́. Hameedah mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí i nísinsìnyí, ara rẹ̀ ló ń bí sí. Bàbá ní kó kọ ọ́. Ó purọ́ pé òun ti kọ ọ́. Bàbá fọkàn balẹ̀ sórí irọ́ yẹn títí tó fi kú.

Ó fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó mú bírò orí tábìlì. Lábẹ́ ibi tó kọ búrẹ́dì sí, ó kọ déètì òní. Ó kọ ọ́ pé Bàbá Jonathan ní kí wọ́n sin òun ní odidi, kí wọ́n má pín òun. Pé òun Hameedah gbọ́, òun kò kọ ọ́, òun sì sọ fún un pé òun ti kọ ọ́. Ó bọwọ́ lù ú, ó yí ìwé náà sí wọn. Adétáyọ̀ kà á lórí ìdúró, ó mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́. Hameedah bọ́ káàdì lọ́rùn, ó fi lé e lọ́wọ́.

Àkọ́bí ní ìyẹn kò yí nǹkan kan padà, pé ẹnikẹ́ni lè kọ ohunkóhun sínú ìwé. Ibẹ̀ ni sùúrù Hameedah tán.

"Nílé wa, ogún là ń pín, a kì í pín òkú. Wọ́n pín Montrose, ọ̀tá ló pín in. Ẹ̀yin, ọmọ ni yín. Ìyá yín dà? Mo ní, ìyá yín dà? Ẹ mú mi dé ibi tí wọ́n wà lónìí kí n kí wọn."

Èyí tó ti Canada wá ń wo bàtà rẹ̀. Àbíkẹ́yìn gbé kólòbó tó wà níwájú rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó gbé e sábẹ́ àga, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ojú àkọ́bí pọ́n koko. Hameedah rò pé yóò ní kí òun jáde, ó ti ń fọwọ́ wá báàgì rẹ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àkọ́bí fa ìwé sọ́dọ̀, ó ka ohun tí Hameedah ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó béèrè bóyá bàbá sọ ibi tó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí.

"Rárá," ni Hameedah wí. "Wọ́n ní ibikíbi ló wù kó jẹ́, kó ṣáà ti jẹ́ ojú kan."