Ọ̀pá Kékeré Abẹ́ Sítíárìn

Ọkùnrin tó bá ní òun fẹ́ fẹ́ Kékeré, ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jí lójú oorun. Ọkọ̀ náà ju ẹni tó ni ín lọ lọ́jọ́ orí. Kò ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣáná sí i bíi tàwọn ọkọ̀ òde òní. Irin gígùn kan tó tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ń kì bọ imú rẹ̀, tí wọ́n á fi ọwọ́ yí i títí ẹ́ńjìnnì á fi dáhùn. Bàbá rà á lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ yọ́ ọ tà, ó fi ọdún mẹ́sàn-án tún un ṣe, ó sì ń nù ún láràárọ̀ kó tó kí ẹnikẹ́ni nínú ilé.

"Ọkùnrin tí ò lè jí arúgbó lójú oorun," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, "kí ló fẹ́ fi ọmọ mi ṣe?"

Àwọn àlejò á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni.

Kékeré kì í rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́ ni bàbá rẹ̀ ti ń pè é ní Kékeré, ó sì ti pé ọdún mẹ́rìndínlógójì báyìí tí orúkọ náà kò fi í sílẹ̀. Òun ló ń se oúnjẹ bàbá, òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀ tó kún fún gírísì, òun náà ló ń jókòó sẹ́yìn sítíárìn bí bàbá bá ń jí ọkọ̀. Ibẹ̀ ló ti mọ iṣẹ́ ọ̀pá kékeré kan tó wà lábẹ́ sítíárìn, tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Bí ọ̀pá yìí bá wà lókè, iná á pẹ́ díẹ̀ kó tó ràn nínú ẹ́ńjìnnì, kò sì ní sí ewu fún ẹni tó ń yí irin níwájú. Bó bá wà nísàlẹ̀, iná á yá jù, ẹ́ńjìnnì á ta padà, irin náà á sì ṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó bá dì í mú.

Lọ́jọ́ tí àfẹ́sọ́nà bá wá, bàbá fúnra rẹ̀ ló máa ń jókòó síbẹ̀.

Tíṣà kan ló kọ́kọ́ wá. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán, ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé sójú pátákó títí dòní. Onígbàjámọ̀ ló tẹ̀lé e. Odindi oṣù mẹ́rin ni ìyẹn ò fi gé irun ẹnikẹ́ni, kò sì tún gba àdúgbò wọn kọjá mọ́. Bàbá bá àwọn méjèèjì kẹ́dùn gan-an ni. Ó jí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló yí i, ó sì fi gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Ìgbà méjèèjì ni Kékeré rí ọ̀pá náà nísàlẹ̀. Ìgbà méjèèjì ló panu mọ́. Bàbá ẹni ni bàbá ẹni, ta ni yóò lọ sọ fún?

Ẹni kẹta ni Aláago. Ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ló ní, ibẹ̀ ló máa ń tẹrí sí látàárọ̀ dalẹ́ tí yóò máa fi ẹ̀mú tín-ín-rín mú àwọn irin kéékèèké inú aago tí ojú lásán kò lè rí dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ dúró ju ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí Kékeré mọ̀. Ọwọ́ náà ló kọ́kọ́ fẹ́ràn kó tó fẹ́ràn ẹni tó ni ín, nítorí náà ló ṣe fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí irin ọkọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, tí wọ́n fi igi agbòjò tó ti bàjẹ́ ṣe irin.

"Má fi àtàǹpàkò ká a," ló ń wí. "Kó gbogbo ìka ẹ sápá kan. Fà á sókè, má tì í sísàlẹ̀. Tó bá ta padà, á yọ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Kí ló máa mú un ta padà?"

"Ọkọ̀ àtijọ́ ni jàre."

Irọ́ ló pa. Ojú ń tì í láti sọ irú ẹni tó bí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Aláago wá pẹ̀lú ẹ̀wù funfun àti àpò irinṣẹ́ rẹ̀ tí kì í fi sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá níwájú gáréèjì. Bàbá ní kó dìde, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wọnú ọkọ̀. Kékeré dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó rí ìka bàbá rẹ̀ tó fa ọ̀pá náà wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Aláago kó ìka rẹ̀ sápá kan, ó fa irin náà sókè. Ẹ́ńjìnnì ta padà, gbàù. Irin náà yọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń mì níbi tó wà. Aláago ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é.

Inú bí bàbá. "Ta ló kọ́ ẹ kó o máa mú un bí obìnrin báyìí? Fi gbogbo ọwọ́ ẹ dì í. Fi àtàǹpàkò ká a."

"Ẹ má bínú, sà," Aláago dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí kí n rí i."

Bí ẹnì kan bá fẹ́ mú arúgbó onígbéraga, kó ní kó wá fi hàn òun. Ogójì ọdún ni bàbá ti ń jí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kò fi àtàǹpàkò ká irin rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti sọ̀rọ̀, kò sì lè kó o jẹ. Ó ti ọ̀pá padà sókè kó má baà ṣe ara rẹ̀ léṣe, ó sọ̀kalẹ̀. "Kékeré, jókòó síbẹ̀. Bá mi ṣọ́ ọ."

Kékeré jókòó. Ó wo bàbá rẹ̀ bó ṣe fi ìka márààrún wé irin náà kí àlejò lè rí i dáadáa. Ó rántí Tíṣà. Ó rántí ìrẹsì tó ti ń sè fún ogún ọdún nínú ilé yìí. Ó na ìka kan, ó fa ọ̀pá náà wálẹ̀.

Bàbá fa irin, ẹ́ńjìnnì ta padà. Ohùn egungun tó ṣẹ́ kò pọ̀. Igbe bàbá ló pọ̀.

Aláago ló sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó mú rúlà méjì nínú àpò rẹ̀, ó ya etí ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó di ọwọ́ náà pẹ̀lú sùúrù tó fi ń tún aago ṣe. Lẹ́yìn náà ló wá bá Kékeré lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Kékeré na ọwọ́ sí i. Kò gbà á.

"Mo rí ìka ẹ lójú gíláàsì iwájú ọkọ̀," ó wí. "Iṣẹ́ mi ni kí n máa rí nǹkan kéékèèké."

"Ó fẹ́ ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́. Òun ló ṣẹ́ àwọn tó kù. Torí tìẹ ni mo ṣe—"

"Ká ní inú ń bí ẹ ni, màá gbà. Ojú ẹ ni mò ń wò. Ó tutù jẹ́ẹ́, bíi pé ò ń pa fìtílà ni." Ó gbé àpò rẹ̀ há abíyá. "Ọwọ́ mi ni mo fi ń jẹun. Mi ò lè sùn tì ẹ́."

Kò gbójú sókè wo Kékeré mọ́ títí ó fi jáde ní géètì.

Lọ́jọ́ kẹta, bàbá jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n ti fi símẹ́ńtì ilé ìwòsàn dì, Kékeré sì ń fi ṣíbí fún un ní ìrẹsì. Kò tíì bi í léèrè ohunkóhun láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Ó jẹun díẹ̀, ó ń wò ó, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbà á.

"Láti ọjọ́ yìí wá, mo rò pé ìyá ẹ lo jọ," ó ní. "Ẹni bíni là á jọ, àṣé èmi ni. Mo fẹ́ràn ẹ gan-an lọ́jọ́ náà, bí irora yẹn ṣe ń pa mí."

Omijé bọ́ lójú Kékeré. Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé kò rí ṣíbí dáadáa mọ́.

"Má sunkún. Òmíràn á wá," bàbá wí. "Tó bá dé, ìwọ ni kó o jókòó sẹ́yìn sítíárìn. Ọwọ́ mi ò lè débẹ̀ mọ́."

Ó la ẹnu. Kékeré bu ìrẹsì mìíràn, ó fẹ́ ẹ kó tutù, ó sì fi sí i lẹ́nu.