Dígí Dúdú Ilé Onígbàjámọ̀

"Ẹ yọ orúkọ yẹn kúrò níbẹ̀!"

Ayàwòrán àtijọ́ kan fi ìka gbá gíláàsì tó bo àwòrán náà, ó tún un gbá, gbogbo gbọ̀ngàn ilé-ìkàwé sì yíjú sí i. Àwọn tó ti ń rìn jẹ́jẹ́ láti ìdí àwòrán kan sí òmíràn, tí wọ́n ń mi orí bí ẹni tí nǹkan yé, dúró gbagidi. Fótò dúdú-àti-funfun ló kún ara ògiri, ṣùgbọ́n ẹyọ kan yìí ni wọ́n gbé sí àárín gbùngbùn: onígbàjámọ̀ kan gbé abẹ lé ọ̀fun bàbá arúgbó, bàbá náà sì ń rẹ́rìn-ín débi pé gbogbo eyín mẹ́rin tó kù lẹ́nu rẹ̀ ló hàn. Dígí ńlá kan wà lẹ́yìn wọn, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Orúkọ Fíláàṣì ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Fíláàṣì ni wọ́n ń pe ọkùnrin tí òun àti ayàwòrán náà jọ dá ilé fótò sílẹ̀ ní ogójì ọdún sẹ́yìn, tí ìjà sì tú wọn ká. Fótò orí bébà àtijọ́ kan tí Fíláàṣì bá nínú dúrọ́ọ̀ ló gbé wá síbi ìpàtẹ yìí. Òun náà dúró níbẹ̀, ó wọ kóòtù nínú ooru, ó ń gba ìkíni.

"Ọ̀rẹ́ mi, rọra o. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ohun ìṣeré. Àwòrán ilé iṣẹ́ wa ni, èmi ni mo sì ṣẹ́kù nídìí iṣẹ́."

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a! Ìwọ lo yà á?"

Fíláàṣì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwọ ńkọ́? Ìwọ lo yà á?"

Irú ọ̀yájú wo nìyí! Ta ló sọ dígí yẹn di dúdú? Ayàwòrán náà yíjú sí ọmọbìnrin tó ń bójú tó ìpàtẹ náà, ó sì ṣàlàyé fún un, pẹ̀lú gbogbo ẹni tó bá létí, bí òun ṣe dúró nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fótò, lábẹ́ gílóòbù pupa, tí òun dá ihò sára páálí, tí òun jẹ́ kí iná bọ́ sórí dígí yẹn nìkan, nítorí ibi tí iná bá pọ̀ sí lórí bébà fótò ló ń dúdú, tí òun ka oókan títí dé ọgbọ̀n. "Ìmọ́lẹ̀ ni mo fi dá òkùnkùn yẹn!" Gbólóhùn náà dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ ní ìgbéyàwó, ó ti sọ ọ́ ní ilé ìwòsàn fún nọ́ọ̀sì tó ń wá iṣan rẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ awò ojú, tó ti ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé àdììtú ayé ni dígí dúdú náà, sáré kọ ọ́ sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ṣé nẹ́gátíìfù rẹ̀, fíìmù tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ṣì wà lọ́wọ́ yín? Ẹ bá mi mú un wá kó tó di aago mẹ́rin. Orúkọ ẹni tó bá tọ́ sí ni màá kọ."

Ayàwòrán náà ń kùn dé ilé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́; òun ò ní dákẹ́. Ó tú kọ́bọ́ọ̀dù, ó da àpótí dé, fíìmù sì fọ́n ká gbogbo ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ.

"Kí lẹ ń wá tẹ́ ẹ fi fẹ́ wó ilé?"

"Nẹ́gátíìfù onígbàjámọ̀! Olè yẹn ti kọ orúkọ ara ẹ̀ sí i. Sí iṣẹ́ ọwọ́ mi!"

Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ dúró lórí aṣọ. "Iṣẹ́ ọwọ́ yín." Kò gbé e jáde bí ìbéèrè. Ó dìde, ó lọ tààrà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì fa àpòòwé kan jáde. "Òun rèé. Ṣé wọ́n á gbé e síwájú iná, kí wọ́n wò ó dáadáa?"

"Fínnífínní!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ rọra máa lọ, bàbá àwọn ọmọ."

Ọkọ rẹ̀ rò pé àdúrà ló ṣe fún òun.

Ní ilé-ìkàwé, ọmọbìnrin náà tẹ́ fíìmù sórí tábìlì oníná. Ó na fóònù rẹ̀ lé e lórí, ó tẹ̀ ẹ́ kó sọ dúdú di funfun, kó sọ funfun di dúdú. Fíláàṣì náà súnmọ́ wọn. Onígbàjámọ̀ yọ, eyín bàbá yọ. Ọmọbìnrin náà wá fi ìka méjì fẹ àwòrán náà lójú, dígí sì tóbi sí i.

Dígí náà kò dúdú rárá. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló dúró nínú rẹ̀, ó fi gèlè di irun sẹ́yìn, kámẹ́rà wà níwájú ikùn rẹ̀, ó sì tẹ orí ba, ó ń wo inú kámẹ́rà náà láti òkè. Lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé báàgì kámẹ́rà kọ́ èjìká, ó na ìka sí ẹnìkan níta, ó ya ẹnu gbàù.

"Bàbá, ta ni obìnrin yìí?"

Ayàwòrán náà rí i pé òun ni ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnu ọ̀nà yẹn, ìjà ọjọ́ náà ló sì kọ́kọ́ rántí. Oníkẹ̀kẹ́ kan ló ta ẹrẹ̀ sí ṣòkòtò funfun rẹ̀. Ó rántí gbogbo èébú tó bú u, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, kò bojú wẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló rántí yàrá òkùnkùn. Òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Obìnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mi abọ́ oògùn ìfọ-fótò tí bébà wà nínú rẹ̀, ó ń wo àwòrán ara rẹ̀ bó ṣe ń di dúdú. Òun sọ nígbà náà pé dígí yẹn ló ń da àwòrán rú. Obìnrin náà tẹjú mọ́ bébà náà. Ó ń mi abọ́.

Ó yíjú sí Fíláàṣì. Ìbínú náà ṣì wà nínú rẹ̀, ó gbóná bó ṣe wà láàárọ̀, àmọ́ kò rí ibi tó máa gbé e lé.

"Mo rò pé o mọ ẹni tó yà á ni," Fíláàṣì wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin náà ti mú páálí tuntun. "Kí ni kí n kọ, Bàbá?"

"Ìyàwó mi ni."

"Orúkọ wọn ni mò ń béèrè."

Ìyá àwọn ọmọ. Ìyá wọn. Gbọ́ ná. Ohun tó ti ń pè é láti ìgbà tí wọ́n ti bímọ nìyí. Ó wá orúkọ náà, ó rí i, ó pè é. Ó ṣàjèjì létí ara rẹ̀ bí orúkọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un mọ̀.

"Kí n wá fi orúkọ ọkọ, orúkọ yín, parí ẹ̀, àbí?"

Ó ti la ẹnu láti ní bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ rẹ̀ yóò kúkú wà lára ògiri náà. Ó tún wo ọ̀dọ́mọbìnrin inú dígí, bó ṣe tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

"Rárá. Orúkọ bàbá tó bí ìyàwó mi ni kẹ́ ẹ kọ. A ò tíì fẹ́ra nígbà yẹn."

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọbìnrin náà fi ní kó jọ̀ọ́ kó tún un sọ.