Ìran Kẹrin Nínú Ihò Ìran Kẹta

Mẹ́mórì náà kọ̀, kò wọlé. Ìyá Aránṣọ tún fi fáìlì èékánná ha etí rẹ̀ díẹ̀ sí i, ó fẹ́ eruku rẹ̀ nù, ó sì gbé e padà sójú ihò rẹ̀ nínú ikùn kọ̀ǹpútà tó dùbúlẹ̀ lórí tábìlì ìgéṣọ. Ogójì ọdún tó fi ránṣọ ti kọ́ ọ pé kò sí ọrùn ẹ̀wù tí kì í gba orí bí a bá gé e dáadáa. Ó gbé àtàǹpàkò méjèèjì lé e, ó sì fi gbogbo ìdí tì í. Ìdí ọ̀hún kò sì kéré.

Nǹkan kan dún pàù. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí ó rò pé egungun ẹ̀yìn òun ni. Ìgbà tó rí i pé ẹ̀yìn ò dun òun ni ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

Láti orí àga, ọkọ rẹ̀, Baba Awakọ̀, béèrè bóyá ó ti wọlé. Ìyá ní ó ń wọlé bọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni, aago mẹ́ta ti lu. Bó bá di mẹ́rin, ọmọ wọn kan ṣoṣo á ti máa retí bàbá rẹ̀ nínú géèmù ìdíje ọkọ̀ orí ayélujára. Ọdún kẹfà rèé tí ọmọ náà kọ̀ láti jogún ọkọ̀ akẹ́rù bàbá rẹ̀, tó rìnrìn àjò lọ. Baba ní kí òun má gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, kò sì gbọ́ ọ mọ́ lóòótọ́. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ yìí ni ọmọ fi sílẹ̀. Ọdún méjì sẹ́yìn ni Ìyá tan Baba jókòó síwájú rẹ̀, látìgbà náà ni ọkọ̀ méjèèjì ti ń sáré pọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ Baba bá kó sí kòtò, tọmọ á dúró lọ́nà, á máa tan iná, á máa pa á, títí arúgbó á fi dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àwọn tó ṣe géèmù náà sọ ọ́ dọ̀tun, ló bá wúwo ju ẹ̀rọ lọ. Alátùn-ún-ṣe kọ̀ǹpútà ní kí Ìyá ra mẹ́mórì ìran kẹta tó máa fi kún agbára rẹ̀. Ó dé ìsọ̀, ó rí ìran kẹrin, ó bi ọlọ́jà bóyá òun jọ ẹni tó ń mú mẹ́ta lọ sílé nígbà tí mẹ́rin wà ńlẹ̀. Ọlọ́jà kìlọ̀ fún un pé ihò wọn ò dọ́gba. Ìyá ní kó fìyẹn sílẹ̀ fún aránṣọ.

Nígbà tí ẹ̀rọ kọ̀ tí kò tàn, Ìyá pe alátùn-ún-ṣe; ó dé, ó tan iná wo inú ẹ̀rọ, ó fìka tọ́ etí mẹ́mórì náà.

"Màmá, ta ló gé e?"

"Èmi ni. Mo bá a tún ọrùn ṣe."

Kò rẹ́rìn-ín. "Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má baà kì wọ́n bọ ara wọn. Pátákó abẹ́ rẹ̀ ti sán. Wọn ò sì ṣe irú ẹ̀ mọ́."

Ó palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ó lọ.

"Táyà tírélà lo fẹ́ dè mọ́ kẹ̀kẹ́," ni Baba wí. Ìyá múra ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n Baba ti yíjú padà. Ó kàn ń wo ojú ẹ̀rọ tó dúdú.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù Ìyá dún. Ọmọ ni; Ìyá tan ohùn rẹ̀ síta.

"Màmá, mi ò rí ọkọ̀ Bàbá. Ṣé wọ́n tún ń bínú sí mi ni?"

Baba gbọ́. Kò gbójú sókè. "Sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́."

Ìyá ti yanu láti jíṣẹ́. Ọdún mẹ́fà ló fi ń gbé ọ̀rọ̀ wọn kiri bí ẹni gbé ẹyin, tó ń yọ ẹ̀gún inú rẹ̀ kó tó fi lélẹ̀. Lọ́sàn-án yìí, ó rẹ̀ ẹ́. Ó gbé fóònù náà lé orúnkún ọkọ rẹ̀, ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé.

Ó dúró síbẹ̀ bí olè. Ohùn ọmọ nìkan ló kọ́kọ́ gbọ́: "Màmá? Màmá?" Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan wúkọ́ nínú ilé.

"Èmi ni," ni Baba wí. "Mo fẹ́ wá. Ẹ̀rọ ló kọ̀."