Ẹ̀rún Tí Ásíìdì Ò Kàn

Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń gé ẹran ara aláìsàn sórí gíláàsì, mi ò sì ba ọ̀kan jẹ́ rí. Ohun tí mo fi ń halẹ̀ mọ́ gbogbo wọn ní yàrá àyẹ̀wò nìyẹn, débi tí wọ́n fi sọ mí ní Àǹtí Kì-í-ṣìṣe. Orúkọ náà ń dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, obìnrin kan wá gba èsì àbúrò rẹ̀ lójú fèrèsé wa. Aránṣọ ni àbúrò náà, kókó yọ sí eegun orúnkún rẹ̀. Dókítà yàrá wa ti kọ ọ́ pé jẹjẹrẹ eegun tó burú ni, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sì fẹ́ gé ẹsẹ̀ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ẹ̀gbọ́n yìí bi mí, "ṣé ẹsẹ̀ àtọwọ́dá lè tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ?"

Mo wo nọ́ńbà orí ìwé náà, mo sì dá a mọ̀. Eegun tí mo gbàgbé sínú ásíìdì ni. Ásíìdì la fi ń rọ eegun kó tó ṣeé gé, ìwọ̀nba wákàtí ló sì yẹ kó lò níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Ajé ni tirẹ̀ fi wà níbẹ̀, mo sì panu mọ́.

Okùn àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì wa máa ń wé mọ́ àwọn nǹkan róbótó tí à ń pè ní hísítóònù, bí òwú ṣe ń wé mọ́ bọ́bìnì. Oríṣi kan wà nínú wọn, tí àyípadà kan báyìí bá ti bá a, ó máa ń mú kókó wú nínú eegun. Kókó ọ̀hún á jọ jẹjẹrẹ tó burú gan-an, bẹ́ẹ̀ wọ́n lè fá a kúrò kí ẹsẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Aró kan tí à ń dà sórí ẹran tí a bá gé ló ń tú u fó, á sọ ọ́ di búráùn. Ti aránṣọ yìí ò di búráùn. Àmọ́ ásíìdì tó bá pẹ́ jù lè bà á jẹ́ kí aró tó débẹ̀, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ pé ó pẹ́ jù.

Mo wọlé tọ Dókítà lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo máa ń bá wí bí ọmọ mi.

"Dókítà, èsì yẹn ò ṣeé gbára lé. Èmi ni mo ba eegun yẹn jẹ́."

"Ẹ̀yin, Àǹtí?"

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí màá gbọ́wọ́ sí. Ó gbé fóònù, ó ní kí àwọn oníṣẹ́ abẹ dúró ná. Ó wá bi mí bóyá nǹkan kan ṣẹ́kù. Ó kù o. Ẹ̀rún kan wà tó rọ̀ bí ẹ̀dọ̀, tí mo ti yà sọ́tọ̀ torí kò nílò ásíìdì.

Èmi fúnra mi ni mo gé e, èmi ni mo po aró. Lọ́jọ́ kejì, Dókítà fojú lé máíkíróskóòpù, ó ń sún gíláàsì náà síwá sẹ́yìn.

"Ẹ fẹ́ pa mí ni?" ni mo wí.

Ó sún kúrò fún mi. Búráùn ni gbogbo rẹ̀, láti etí kan dé ìkejì. Mo jó yí tábìlì ká tìbọ̀wọ́tìbọ̀wọ́, Dókítà náà sì ń jó tẹ̀lé mi.

Wọ́n fá kókó náà kúrò. Lóṣù kẹrin, aránṣọ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn wa, ó gbé ẹ̀wù iṣẹ́ funfun tó rán fún mi dání.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gba ẹsẹ̀ mi là, mà."

"Èmi náà ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí wọ́n gé e," mo wí, mo sì sọ gbogbo ẹ̀ fún un, mi ò fi ọ̀kan pa mọ́.

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò mí. "Ẹ wọ ẹ̀wù yín wò, mà."

Mo wọ̀ ọ́. Apá ọ̀tún gùn ju tòsì lọ dáadáa.

"Ẹ má bínú, mo ṣì í gé," ló wí, ẹ̀rín sì pa á. "Ẹ bọ́ ọ kí n tún un ṣe."

Mo ní kò sẹ́ni tó máa bọ́ ọ lọ́rùn mi. Òun ni mo wọ̀ síṣẹ́ lónìí.